Ohun Tí A Kọ, Ohun Tí A Kọ́

Oyunbileg ló ni ògiri tó kọjú sí fèrèsé
nínú kọ̀ǹténà tí wọ́n sọ di ọ́fíìsì.
Bébà ló lẹ̀ mọ́ ọn, láti òkè délẹ̀,
ọ̀ọ́dúnrún iṣẹ́ ó lé mẹ́rìnlá,
ìlà aró kan fún iṣẹ́ kan,
gbogbo wọn tọ́ gbọnrangandan.
Ayé ò sì lọ bí ọ̀pá ìbọn rí.

Ilé ìwòsàn ọmọdé ni, alájà mẹ́rin, ní Erdenet,
níbi tí ilẹ̀ ti ń le bí òkúta
kí oṣù kẹwàá tó rékọjá.
Nínú èdè tí mo fi ń ròyìn yìí
àmì ohùn kan péré ló ya kíkọ kúrò lára kíkọ́:
a kọ ọ́ sórí bébà, a kọ́ ọ sórí ilẹ̀.
Àmì kan tún wà tó ń fà sísàlẹ̀,
ti ọjọ́ tó bá kọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ ló ń mú pẹ́ńsù pupa.
Ìlà aró ni ohun tí a sọ pé yóò rí;
ìlà pupa lábẹ́ rẹ̀ ni bó ṣe rí.
Purevjal, ọ̀gá àwọn bíríkìlà, kì í fẹ́ wò ó.
"O ń fa ìlà yẹn bí ẹni pé mo jalè."
"Mi ò pè ọ́ lólè. Ibi tí ọjọ́ gbà lọ ni mò ń wá."

Lóṣù kẹjọ, irin há sí Zamyn-Üüd lẹ́nu ibodè.
Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tí wọn ò lù.
Ọjọ́ mọ́kànlá.
Ó dúró níwájú ògiri, tíì rẹ̀ ń tutù.
Iṣẹ́ wà tó lè sùn, kó tún sùn, tí nǹkan ò ní bàjẹ́:
ọ̀dà, gíláàsì, igi tí a ó gbìn sẹ́nu géètì.
Iṣẹ́ mìíràn so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n:
òpó dúró de irin, àjà dúró de òpó,
òrùlé dúró de àjà,
òtútù ò sì dúró de ẹnì kankan.

Ọ̀gá kan pè láti Ulaanbaatar. "Ẹ fi èèyàn kún un."
Ó ní, "Mo lè fi èèyàn kún gbígbé.
Kọ̀ǹkéré kì í gbàṣẹ, sà.
Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló ń gbà kó tó le tán,
ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ nà án."
Ó gbé fóònù sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
ó pa ọ̀sẹ̀ méjì rẹ́, ó kọ òmíràn.

Alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ni wọ́n da àjà kẹrin.
Òtútù ti fi dígírì mẹ́fà já sísàlẹ̀ òdo.
Ìyá Tsend-Ayuush tú aṣọ irun àgùntàn
kúrò lára àgọ́ ara rẹ̀, ó rù ú wá;
wọ́n fi bo kọ̀ǹkéré bí ẹni bo ọmọ ìkókó,
wọ́n dáná èédú sábẹ́ rẹ̀.
Ní wákàtí wákàtí Oyunbileg ń ka ọ̀pá ìwọn-òtútù tó kì bọ abẹ́ aṣọ,
ó ń kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́jọ. Méje. Méje. Mẹ́fà.
Nígbà tí ìka rẹ̀ kú tipiri, tí kò lè kọ mọ́,
Purevjal gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀.
Pupa ni. Kò sọ nǹkan kan.
Mẹ́fà, ló kọ. Méje.

Ilé náà fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún pẹ́.
Lọ́jọ́ ìṣílé, ọ̀gá láti Ulaanbaatar gé rìbọ́ọ̀nù,
ó ní gbogbo rẹ̀ lọ geere bí a ṣe tò ó.
Purevjal wo Oyunbileg.
Oyunbileg wo bàtà.

Bébà ńkọ́? Purevjal ló ká a lọ sílé.
Ó gé e, ó fi bo àwọn ìwé Khongorzul ọmọ rẹ̀.
Ìwé ìṣirò ló bọ́ sí oṣù kẹjọ:
aró lókè, pupa nísàlẹ̀,
àti àlàfo tó wà láàárín wọn,
níbi tí ọmọ náà ti ya ẹṣin sí.